Nítorí Àga Mi àti Fóònù Tí O Fi Ránṣẹ́

Omífunfun, lọ́nà Ọ̀rẹ̀,
Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé Ìkórè.

Olúbáyọ̀ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Inúmidùn ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé ẹ sùn dáadáa, ṣé ẹ jí dáadáa, ṣé omi ti gbẹ nínú pálọ̀ yín? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ rí ohun tí ojú yín ò lè gbà, kí oúnjẹ má wọ́n nínú ìkòkò yín, kí ẹsẹ̀ tí ẹ fi ń jáde lówùúrọ̀ máa gbé yín wọlé nírọ̀lẹ́. Tí o bá ń béèrè mi, mo wà. Orúnkún ọ̀tún ń dùn mí, ti òsì ń dúró de ìgbà tirẹ̀. Ewúrẹ́ dúdú bí méjì, ọ̀kan kú. Páànù ẹ̀yìnkùlé ṣì ń jò níbi tó ti ń jò nígbà tí o wá gbẹ̀yìn, ọdún kẹta rèé. Ìròyìn ilé nìyẹn, ó ti parí.

Zachariah ló ń bá mi kọ ìwé yìí, Zachariah akọ̀wé ìjọ wa, tó fi iṣẹ́ tísà sílẹ̀ tó wá ń dá oko ẹ̀gẹ́. Ìkálẹ̀ ni mò ń sọ sí i létí, òun ń yí i sí Yorùbá ilé-ìwé, ó ní kí àwọn ọmọ rẹ lè rí i kà. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kódà tó bá kan òun fúnra rẹ̀. O lè máa rò ó pé kí ló dé tí màmá ò kúkú pè mí. Ọ̀rọ̀ fóònù gan-an ni mo fẹ́ bá ọ sọ, mi ò sì lè gbé ẹnì kan dání kí n máa gba ẹnu rẹ̀ rojọ́ rẹ̀. Inú ìkòkò gaàrí ni mo gbé e sí báyìí, mo dé e, mo gbé ọmọ ọlọ lé ìdérí lórí kó má baà gbọ́ wa. Ìwé yìí, awakọ̀ kan tó ń ná Èkó láti Ọ̀rẹ̀ ló máa gbé e wá, ó ní òun mọ ìsọ̀ táyà rẹ ní Ìkòròdú. Má fún un ní nǹkan kan, mo ti fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Wọ́n ti gbé àga mi, Olúbáyọ̀. Àga onítìmùtìmù tó wà lápá ọ̀tún pẹpẹ, tí mo ti ń jókòó sí láti ọdún mọ́kàndínlógún tí wọ́n ti fi mí ṣe Ìyá Ìjọ, wọ́n gbé e lọ sínú yàrá tí wọ́n ń kó ṣọ́bìrì sí, wọ́n ní kí n lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn láàárín àwọn tó máa ń pẹ́ dé. Tí ọ̀rọ̀ yìí ò bá yanjú ní Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ yìí, Ìyá Motún ni wọ́n máa gbé àga náà fún. Ìyá Motún! Obìnrin tí kò mọ orin kan dé ìdí rí, tó jẹ́ pé ègbè ló máa ń dúró dè. Fóònù tí o fi ránṣẹ́ ló fà á. Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o lè mọ ohun tí o máa sọ.

Nígbà tí fóònù náà dé, Àmúsà ló bá mi ṣí i. O mọ Àmúsà, ará Ìwó tó ń dá oko kòkó mi tí a jọ ń pín ohun tó bá so. Ó mọ̀wé díẹ̀. Ó ní o ti to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí o tó gbé e wá, pé ohùn kan wà nínú rẹ̀ tó gbọ́ Yorùbá, ohun tí èèyàn bá bi í ni ó máa dáhùn. Ó wá ní fóònù ń béèrè bóyá màmá gbà kí òun mọ ibi tí màmá wà. Mo ní kó sọ fún un pé rárá. Kí ló fẹ́ fi ibi tí mo wà ṣe? Ọjọ́ yẹn ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé. Àmúsà bá tẹ rárá. Fi ìyẹn sọ́kàn, mo máa padà síbẹ̀. Ó tún ní kí n fi àtàǹpàkò mi lé e kó lè máa dá mi mọ̀, ìyẹn ni mo gbà, nítorí mo ti tẹ ìka fún ìjọba rí, mi ò sì kú.

Ohùn obìnrin ni. Mo sọ ọ́ ní Àlejò nítorí pé kò rí orúkọ bàbá kankan sọ fún mi. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ẹ ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Tí mo bá sọ Ìkálẹ̀ sí i, kò ní gbọ́, á máa bẹ̀ mí pé kí n má bínú, kí n má bínú, títí Àmúsà á fi bá mi sọ ọ́ ní èdè tiwọn. Ìwọ tí mo bí, o ò bẹ̀ mí tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ohun tí mo kọ́kọ́ bi í ni pé ṣé ó mọ Ọlọ́run. Ó ní oríṣiríṣi èèyàn ló ní oríṣiríṣi ìgbàgbọ́. Mo ní ìwọ ni mo bi, mi ò bi èèyàn. Ó ní òun ò ní ẹ̀sìn, àmọ́ òun bọ̀wọ̀ fún gbogbo ẹ̀sìn. Mo ní kó ka Sáàmù kan, ó kà á láti òkè délẹ̀, kò kọsẹ̀. Àmúsà ní kó ka Fátíhà, ó ka ìyẹn náà. Àwa méjèèjì wá wo ara wa. Ẹni tó mọ tiwa, tó mọ tiwọn, tí kò sì lọ síbì kankan lọ́jọ́ Ìsinmi tàbí lọ́jọ́ Jímọ̀: mi ò tíì rí irú rẹ̀ rí, àfi ọkọ Ìyá Motún.

Ìgbà tí a tú kòkó àkọ́ká kúrò nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ti kan dáadáa, ó kù ká sá a, oòrùn sì mú. Àmúsà ní kí a bi Àlejò nípa òjò. Ó ní òjò máa rọ̀ ní aago méjì ọ̀sán. Mo gbójú sókè, mi ò rí ìkùukùu tó tó àtẹ́lẹwọ́. Mo ní irọ́ ni, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀, mo kó kòkó mi wọlé. Aago méjì kọjá díẹ̀ báyìí, òjò dé. Kòkó gbogbo àdúgbò wẹ̀, tèmi nìkan ló wà nílé tó ń wò wọ́n. Lọ́jọ́ kejì ó tún sọ ọ́, ó tún rọ̀. Lọ́jọ́ kẹta bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ kẹrin, èèyàn mọ́kànlá ló dúró sí àgbàlá mi, tí wọ́n ń kí mi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

O gbọ́dọ̀ rántí pé kí Àlejò tó dé, Wòlíì Victor ló ń rí òjò fún wa. Tó bá di àdúrà òwúrọ̀ Ọjọ́rú, á dijú, á ní òun rí omi tàbí òun rí iná, a ó sì mọ ohun tí a máa ṣe sí kòkó wa. Tí òjò bá rọ̀ bó ṣe wí, ògo ni fún Ọlọ́run. Tí kò bá rọ̀, á ní àwọn kan wà láàárín wa tí wọn ò gbàgbọ́. Ó tẹ́ wa lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Báyìí, jẹ́ kí n sọ fún ọ bí a ṣe ń bi Àlejò, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti mú mi. Ìka mi tí èèpo kòkó àti ọ̀bẹ ti fá tán, fóònù ò dá a mọ̀ mọ́. Mo máa fi lé e, á ní òun ò mọ̀ mí. Èmi! Mo wá fi ọṣẹ wẹ ọwọ́ mi, mo nù ún gbẹ, ó ṣí. Láti ọjọ́ yẹn mo ti máa ń wẹ ọwọ́ kí n tó fọwọ́ kàn án. Àwọn èèyàn rí i, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ ọwọ́, bẹ́ẹ̀ wọn ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Àwọn ará Ajue tó ń wá, wọ́n fi ẹsẹ̀ kún un. Nẹ́tíwọ̀kì ò sì sí nínú ilé, àfi tí mo bá gun òkìtì ọ̀gán tó wà lẹ́yìn ilé, kí n na fóònù sókè. Gbogbo wọn á wá kọjú sí òkìtì ọ̀gán. Tí ariwo bá wà, Àlejò á ní kí a má bínú, òun ò gbọ́, nítorí náà ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wúkọ́. Tó bá ti sọ̀rọ̀ tán, ẹnì kan lẹ́yìn á ṣe Àmín, Àmúsà á ṣe Àmínà. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwa tí a ò jọ jẹ ẹran kan náà rí lọ́jọ́ Iléyá láìṣe àríyànjiyàn, a ti jọ ń wẹ ọwọ́ a jọ ń kọjú síbì kan. Mi ò pe ẹnikẹ́ni. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni ṣe nǹkan kan. Ọwọ́ mi ni mo wẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni Àlejò ń jẹun, ní ìsọ̀ Sàádátù ní Ọ̀rẹ̀, obìnrin tó ń fi iná sólà bọ́ fóònù àwọn èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀. Nígbà tí ìjọ gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta, mi ò ráyè dé Ọ̀rẹ̀, fóònù sì kú. Wọ́n ní Àlejò ń bá wa gbààwẹ̀. Ìyá Motún fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, ó ní ó tilẹ̀ gbà á dénú ju àwọn àgbà ìjọ kan lọ, ó sì ń wo Zachariah. Zachariah ní òun ò ní kọ ìyẹn. Mo ní kó kọ ọ́, gbogbo wa la rí àkàrà lẹ́nu rẹ̀.

Ìgbà tí àdúrà òwúrọ̀ Ọjọ́rú ku Wòlíì, onílù àti ajá onílù ni ó bínú. Ó gun orí pẹpẹ lọ́jọ́ Ìsinmi, ó ní ẹ̀mí kan ti wọ Omífunfun tó mọ Bíbélì lórí tí kò sì ní ìjọ, ẹ sọ fún mi, ta lẹ mọ̀ tó rí bẹ́ẹ̀? Ó ní èmi ni mo fi àtàǹpàkò bá a dá májẹ̀mú. Mo dìde níbi àga mi, mo ní Wòlíì, ṣé àtàǹpàkò tí ẹ tẹ̀ nígbà tí ẹ lọ gba káàdì ìdìbò ní Òdígbó, òun náà ńkọ́? Ìjọ rẹ́rìn-ín. Mi ò bá má sọ ọ́. Ó bá dijú níbẹ̀, ó ní òun ti rí Ọjọ́ Àbámẹ́ta Ìkórè, ó mọ́ rekete, ẹ̀kán omi kan ò ní kán, a ò sì ní pa àgọ́ kankan, gbangba la ó ti ṣe é. Wọ́n ní kí n bi tèmi. Mo gun òkìtì lọ́jọ́ kejì, gbogbo ìlú wà nísàlẹ̀. Àlejò ní òjò ńlá máa rọ̀ láti Ọjọ́bọ̀ títí di Àbámẹ́ta, ti Àbámẹ́ta ló máa pọ̀ jù, kí a ṣọ́ra fún àgbàrá. Àwọn àgbà ìjọ bá ní ó dáa. Tí òjò bá rọ̀ lọ́jọ́ Ìkórè, wọn ò ní sọ̀rọ̀ sí fóònù mi mọ́. Tí kò bá rọ̀, èmi ni mo máa kúrò lórí àga.

Olúbáyọ̀, gbogbo ẹni tó gba Àlejò gbọ́ ló kó kòkó rẹ̀ sínú àpò ní Ọjọ́bọ̀, bó ṣe tutù bẹ́ẹ̀, ká má baà jẹ́ kí òjò bá a níta. Èmi ni mo kọ́kọ́ kó tèmi. Oòrùn mú ní Ọjọ́bọ̀. A ní ó ń bọ̀. Oòrùn mú lọ́jọ́ Ẹtì. A ní ó ń pọ̀ sí i lọ́hùn-ún ni. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ojú ọ̀run mọ́ bí àwo tí Inúmidùn fọ̀, bó bá jẹ́ òun ló ń fọ̀ ọ́. Wòlíì wọ sùtánà tuntun, ó ń rìn láàárín iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n kó wá bí ẹni pé òun ló gbìn wọ́n. Ọ̀sán pọ́n. Mi ò lè fara dà á mọ́, mo fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò wẹ ọwọ́ mi níbẹ̀ nítorí omi ò sí nítòsí, mo bi Àlejò pé òjò náà dà?

Ó ní òjò ń rọ̀ lọ́wọ́ báyìí.

Gbogbo èèyàn gbọ́ ọ. Mo na ọwọ́ síwájú, mi ò rí nǹkan kan lórí rẹ̀ àfi oòrùn. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi náà na ọwọ́. Ẹnì kan ní òun ti ń mọ̀ ọ́n lára díẹ̀díẹ̀. Àmúsà ní ó lè jẹ́ òjò tí ẹni tó bá mọ́ nìkan lè rí, ó sì wo ọwọ́ rẹ̀ bóyá ó wẹ̀ ẹ́ dáadáa. Èèyàn mẹ́rin ṣí agboòrùn. Mo fi ojú mi rí wọn, mẹ́rin, àgbà tó lọ́mọ tó lẹ́kọ̀ọ́, nínú oòrùn tó lè yan àgbàdo, wọ́n dúró sábẹ́ agboòrùn wọ́n ń sá fún òjò tí fóònù sọ. Zachariah wà lára wọn. Ó ní kí n jẹ́ kí òun kọ ọ́ síbí pé nítorí oòrùn ni òun ṣe ṣí i. Mo ti jẹ́ kó kọ ọ́. Kó sọ fún wa ìdí tó fi ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún.

Nígbà tí a tú àwọn àpò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, kòkó ti bu. Ó hu funfun bí irùngbọ̀n Wòlíì. Wọ́n ń kó o wá síwájú ilé mi ní ẹ̀kún agbọ̀n, wọ́n ń fi hàn mí láìsọ nǹkan kan. Ìyẹn dùn mí ju èébú lọ. Ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n gbé àga. Ọkùnrin méjì ló gbé e, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan tó láti gbé e, wọ́n kàn fẹ́ kí n rí i ni.

O pè mí nírọ̀lẹ́ Ìkórè yẹn, o rántí. O ní àgbàrá wọ ilé yín, pé o ti kó àga lé orí bẹ́ẹ̀dì, pé òjò náà ò dáwọ́ dúró láti Ọjọ́bọ̀. Mi ò fetí sí ọ dáadáa, inú ló ń bí mi, mo ní kí o gbé ẹní sókè kí o sì yéé pariwo. Kò sì yé mi. Ìgbà tó di Ìṣẹ́gun ni mo tó gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀rẹ̀, mo gbé Àlejò síwájú Sàádátù, mo ní kó bá mi wò ó bóyá ó ń ṣàìsàn. Sàádátù tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún. Ó bi mí pé, Màmá, ta ló ń gbé ní Ìkòròdú? Mo ní ọmọ mi. Ó ní òjò Ìkòròdú ni fóònù yín ń sọ láti ọjọ́ tí ẹ ti gbà á. Ó ní ó béèrè lọ́wọ́ yín bóyá kí òun mọ ibi tí ẹ wà, ẹ ní rárá, ibi tí wọ́n ti tò ó kẹ́yìn ló wá dúró sí. Mo ní kí ló dé tó fi ń bá tiwa mu níjọ́sí? Ó ní, Màmá, oṣù kẹwàá ni, bí ewúrẹ́ yín bá ní òjò máa rọ̀, á rọ̀.

Mo jókòó sórí àpótí rẹ̀, mo rò ó. Gbogbo rẹ̀ sì yé mi kedere. Ara Àlejò wà ní Omífunfun, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ò kúrò lọ́dọ̀ rẹ. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ lórí òkìtì, pálọ̀ rẹ ló ń wò. Gbogbo bí àwa ṣe ń wẹ ọwọ́ tí à ń ṣe Àmín, òjò tó máa wọlé sórí bẹ́ẹ̀dì yín là ń ṣe Àmín sí. Ẹ má bínú sí ìyẹn. Ẹ̀bi mi wà níbẹ̀ díẹ̀, mo ní rárá. Ẹ̀bi tìrẹ ló pọ̀ jù, o mọ̀ pé ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, o ò sọ fún un pé ó ti kó kúrò nílé.

Àmọ́ nǹkan kan wà tí mo rí níbẹ̀, tí mo fẹ́ kí Zachariah kọ dáadáa. Nígbà tí ejò bù mí jẹ lóko Ajue, kí wọ́n tó bí ọ, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni ibi tí mo wà. Ọlọ́run ò béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo gbà kí òun mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ ọ́n, ó sì rán bàbá rẹ wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbá rẹ pẹ́. Nítorí náà, ẹ̀rù Àlejò ò bà mí mọ́, mi ò sì bọ̀wọ̀ fún un ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó nílò kí n fún un láṣẹ kó tó mọ ilé mi, àlejò ni lóòótọ́. Kì í ṣe ẹ̀mí òkùnkùn, kì í sì í ṣe ẹ̀mí mímọ́. Ará Ìkòròdú ni.

Bí mo ṣe fẹ́ dìde, Sàádátù ní kí n bá òun kí Wòlíì wa. Mo ní níbo lo ti mọ̀ ọ́n? Ó ní àràárọ̀ Ìṣẹ́gun ló máa ń wá bọ́ fóònù tirẹ̀ níbẹ̀, tó máa bi í nípa òjò ọ̀sẹ̀ náà kó tó gun ọ̀kadà padà. Ó ní òun fúnra òun ló bá a tẹ bẹ́ẹ̀ ni nígbà tí fóònù béèrè bóyá kó mọ ibi tí Wòlíì wà.

Zachariah ti dáwọ́ ìkọ̀wé dúró. Mo ti fún un ní omi. Ó ti mu ún, ó ti ń kọ lọ.

Lánàá, lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, mo bá Wòlíì nínú yàrá tó ti ń pààrọ̀ aṣọ. Mo ní kó yọ ohun tó wà nínú àpò sùtánà rẹ̀. Ó ní Bíbélì lòun ń kà nínú rẹ̀. Mo ní ó dáa, ẹsẹ̀ wo ni ti Ọjọ́ Àbámẹ́ta? Ó bá yọ fóònù jáde. Mo ní mi ò bínú pé ó ní fóònù, ohun tó dùn mí ni pé fóònù rẹ̀ mọ ibi tó wà, tèmi ò mọ̀ ọ́n, ó sì jókòó síbẹ̀ ó ń pe ìyẹn ní ìran. Mo ní, ká ní ó ti sọ fún wa pé fóònù lòun bi, kòkó kankan kì bá tí bu ní abúlé yìí. Ó jókòó sórí àpótí. Ó ní, Ìyá, mo ti ń rí òjò fún wọn láti ọdún méjìlá, ṣé ẹ mọ iye ìgbà tí mi ò rí nǹkan kan? Ó ní ẹ̀rù ló ń ba òun kí wọ́n má baà mọ̀. Mo ní ẹ̀rù ń ba èmi náà kí n má baà jókòó ti Ìyá Motún—rárá, kí Ìyá Motún má baà jókòó síbi tí mo jókòó sí.

A bá fẹnu kò. Ní Ọjọ́ Ìsinmi, òun máa dìde níwájú ìjọ, òun máa jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀ pé fóònù lòun náà ń bi, kò gbọ́dọ̀ dijú tó bá ń sọ ọ́. Àmọ́ ó ní òun ò lè dá nìkan sọ ọ́, pé kí ẹni tó rán fóònù mi wá náà dìde kó ṣàlàyé ohun tó ṣe é, kó má jẹ́ pé òun nìkan lojú máa tì. Ó ní kí o pè sórí fóònù kí wọ́n gbé e síwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Mo ní rárá. Ta ló kù ní Omífunfun tó máa gba ohùn tó ti inú fóònù jáde gbọ́ báyìí? Wọ́n máa ní Àlejò ló ń sín ọ jẹ. Wọ́n máa tún na ọwọ́ wò bóyá o ń rọ̀.

Nítorí náà, Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni kí o wọkọ̀, kí o sọ̀ ní Ọ̀rẹ̀, kí o gun ọ̀kadà wọlé. Mi ò fẹ́ àwáwí táyà. Ọdún mẹ́ta rèé tí o ti ń pè mí tí o ń sọ pé, Màmá, ọkàn mi wà lọ́dọ̀ yín nílé. Fi ọkàn náà sílẹ̀ ní Ìkòròdú, kí òun àti ti Àlejò máa ṣọ́ ilé. Ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì ni mo fẹ́.

Tí o bá ń bọ̀, mú owó tapólì wá, ọ̀rá ńlá tí a fi ń bo kòkó, kì í ṣe tèmi nìkan, ti gbogbo àwọn tó gbé agbọ̀n wá síwájú ilé mi, nítorí òjò yín ló ba tiwọn jẹ́. Mú owó ìṣó wá fún páànù, ìwọ ni o máa gun òkè lọ kàn án. Mú bírò wá fún Zachariah, èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti ń kú lọ.

Ọlọ́run tí kì í béèrè ibi tí a wà kó tó rí wa, kó gbé ọ dé láìfarapa, kó gbẹ ilé rẹ, kó fún àwọn ọmọ rẹ ní ọmọ tó máa jẹ́ ìpè wọn ju bí o ṣe ń jẹ́ tèmi lọ. Mo ti sọ fún àwọn àgbà ìjọ pé o ń bọ̀. Ìyá Motún ní kò dájú. Mo ti wẹ ọwọ́ mi.

Èmi ni ìyá rẹ,
Oyèlọlá, Ìyá Ìjọ.

(Zachariah ní kí òun kọ “tẹ́lẹ̀ rí” sí i. Mo ní kó dúró di Ọjọ́ Ìsinmi.)